Orí Keje: Ibi Tí Pàǹtí Ilé Ìwé Ń Lọ

Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló ti dáwọ́ lé àtúnlò tí kò sì tọ́jọ́. Bí ó ṣe máa ń rí nìyí: ẹgbẹ́ kan á kó garawa aláwọ̀ mẹ́ta wá fún ilé ìwé, wọ́n á kọ "ike" sára ọ̀kan, wọ́n á kọ "ìwé" sára ìkejì, wọ́n á kọ "oúnjẹ" sára ìkẹta. Wọ́n á pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, wọ́n á ya fọ́tò. Kò ní pẹ́ tí àwọn ọmọ á fi rí i pé inú ọmọlańkẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń da garawa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí, tàbí pé ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́ ni wọ́n ti ń dáná sun gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ohun tí ọmọdé bá fojú ara rẹ̀ rí, ó ṣòro láti fi ọ̀rọ̀ ẹnu pa á rẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ibi tí ọwọ́ wọn bá dé ni wọ́n á máa ju nǹkan sí.

Ìdí nìyí tí orí yìí, tí a kọ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ìdí rẹ̀. Kí ilé ìwé tó ra garawa kan, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ohun tí yóò wọ inú rẹ̀ ń lọ, ẹni tí yóò gbé e débẹ̀, ọjọ́ tí yóò gbé e, àti ohun tí yóò dà tó bá débẹ̀. Ilé ìwé tó bá lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ. Èyí tí kò bá lè dáhùn wọn, kí ó tọ́jú owó garawa náà sí àpò ná.

Mímọ ohun tí à ń dà nù

Ẹ kọ́kọ́ wọn pàǹtí. Ọ̀sẹ̀ kan tó fún un. Ẹ tẹ́ tapólì àlòkù sí abẹ́ igi, ẹ da gbogbo pàǹtí ọjọ́ kan sórí rẹ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti wọ ìbọ̀wọ́ ṣà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ohun tó ń jẹrà, bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, àjẹkù ìrẹsì àti ẹ̀wà, ewé igi àti koríko; ìwé àti páálí; ike líle bí ìgò omi; ọ̀rá; agolo àti irin; ìgò gíláàsì. Àgbàlagbà ni kí ó ṣáájú wọn mú ohun tí ọmọdé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn kúrò níbẹ̀: àfọ́kù ìgò, abẹ́fẹ́lẹ́, bátìrì, abẹ́rẹ́, àti ohun tí àwọn ọmọbìnrin lò nígbà nǹkan oṣù. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lé òṣùwọ̀n, kí wọ́n sì kọ iye kílò rẹ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n tún ka iye garawa tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan kún.

Iṣẹ́ méjèèjì yìí ló yẹ ní ṣíṣe, nítorí ojú máa ń tan ènìyàn jẹ nínú ọ̀rọ̀ pàǹtí. Bí a bá wo ọgbà ilé ìwé lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán, ọ̀rá omi ni yóò gba gbogbo ojú wa, a ó sì rò pé òun ló pọ̀ jù. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n, ẹ ó rí i pé fúúyẹ́ ni. Ohun tó ń jẹrà ló máa ń wúwo. Ìwé tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2018 nípa pàǹtí gbogbo ayé fi hàn pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tó wà ní ìpele owó kan náà pẹ̀lú Nàìjíríà, nǹkan bí 53 nínú 100 ohun tí àwọn ènìyàn ń dà nù ló jẹ́ oúnjẹ àti ewé. Ní ilé ìwé tó ní igi máńgòrò tàbí igi mẹ̀línà mélòó kan nínú ọgbà, ewé gbígbẹ nìkan lè ju gbogbo ìyókù lọ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọmọ ti ń jẹun ọ̀sán: Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ ètò O-Meals ní ọdún 2012, ìjọba àpapọ̀ sì gbé tirẹ̀ dìde ní ọdún 2016 fún àwọn ọmọ ìpele kìíní sí ìkẹta. Àjẹkù kò lè ṣàì wà níbi tí ọmọ púpọ̀ ti ń jẹun pọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí àkọsílẹ̀ yìí parí sínú dúróà ọ̀gá ilé ìwé. Olùkọ́ ìṣirò lè fi kọ́ ìdá ọgọ́rùn-ún àti àwòrán olóbìrípo. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì lè bi wọ́n pé kí ló dé tí garawa ewé fi fúyẹ́ ju garawa àjẹkù lọ. Kí wọ́n lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde, kí gbogbo ilé ìwé rí i.

Ààtàn ẹ̀yìnkùlé àti òkè pàǹtí ìlú

Ààtàn kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀yìnkùlé ni ó máa ń wà, ohun tí wọ́n sì ń dà síbẹ̀ ni èèpo iṣu, eérú, ìgbẹ́ ewúrẹ́, pòròpórò àgbàdo, àti ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ tàbí mọ́ín-mọ́ín. Tó bá ṣe díẹ̀, tẹ̀tẹ̀, ata àti elégédé á máa hù níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn wọ́n. Àwọn tó ń sọ pé àwọn àgbà mọ́tótó jù wá lọ kò rò ó dáadáa. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni kò ní ike nínú. Ààtàn gba ohun gbogbo tí a bá gbé wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun gbogbo ló lè sọ di ilẹ̀. Lónìí, ọ̀rá, ike àti bátìrì ni à ń dà sórí rẹ̀ pọ̀ mọ́ èèpo iṣu, a sì ń retí kí ó ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Bí ìlú ṣe ń tóbi, ààtàn náà di òkè. Olúṣósùn ní Ọ̀jọ́ta, nílùú Èkó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1992. Ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 40. Ẹ̀gbẹ́ ìlú ni ó wà nígbà náà; ìlú dàgbà títí ó fi yí i ká, ilé, ọjà àti òpópónà sì sún mọ́ ọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, iná ṣẹ́ yọ níbẹ̀, èéfín sì bo àwọn àdúgbò tó wà nítòsí. Irú iná bẹ́ẹ̀ kì í ṣòro láti ràn lórí òkè pàǹtí. Nígbà tí àjẹkù àti ewé bá wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, tí atẹ́gùn kò dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kì í fẹ́ atẹ́gùn ló ń jẹ wọ́n, gáàsì míténì ló sì ń jáde. Míténì máa ń gbiná. Tí kò bá gbiná, òfuurufú ni ó ń lọ, agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná sì tó nǹkan bí ìlọ́po 28 ti kábọ́ọ̀nù dàọ́síàdì, tí a bá ṣírò rẹ̀ lórí 100 ọdún. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ọmọ kan sọ nù ní kíláàsì lè parí sínú irú gáàsì bẹ́ẹ̀. Èèpo kan náà, tí ó bá rí atẹ́gùn, á di oúnjẹ fún ẹ̀fọ́.

Ìbàdàn ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ó sì korò ju ti Èkó lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, Odò Ògùnpa kún, ó ya wọ ilé àti ọjà, ẹ̀mí tó bá a lọ ju 200 lọ. Òjò ọjọ́ náà pọ̀ gan-an, àwọn ènìyàn sì ti kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi. Ṣùgbọ́n pàǹtí tí wọ́n ti ń dà sínú odò náà wà lára ohun tí kò jẹ́ kí omi rí ọ̀nà lọ. Olùkọ́ tó bá ń kọ́ ọmọ ní Ìbàdàn gbọ́dọ̀ sọ ìtàn yìí fún wọn, kí wọ́n mọ̀ pé gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé wọn àti odò náà kò ya ara wọn.

Nígbà tí ìmọ́tótó àyíká oṣooṣù ṣì gbóná, láti ọdún 1985, tí olúkúlùkù ń jókòó sílé ní àárọ̀ Sátidé láti tún àyíká ṣe, a máa ń rí i pé àwọn ènìyàn á kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà sí etí gọ́tà náà, wọ́n á sì wọlé. Òjò àkọ́kọ́ tó bá rọ̀ á gbá a padà. Iṣẹ́ ni wọ́n ṣe lóòótọ́, wọ́n kàn ṣe é títí dé àárín ọ̀nà ni.

Ajílẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀

Ìmọ̀ràn wa kò ní ẹnà nínú: kí ilé ìwé fi ajílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ike tó tẹ̀lé e. Ike ń dúró de oníbàárà, ọkọ̀, àti iye tí epo bẹntiróò ń jẹ́ lọ́sẹ̀ náà. Ajílẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ohun tí a fi ń ṣe é wà nínú ọgbà, ibi tí yóò lọ wà nínú ọgbà, ọmọ tó bá sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà lè rí òpin rẹ̀ kí sáà kejì tó parí.

Ẹ jẹ́ kí a lóye ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú òkìtì ajílẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí àti olú tíntìntín ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ń fẹ́ oúnjẹ, omi àti atẹ́gùn bí gbogbo ohun abẹ̀mí. Oúnjẹ wọn pín sí oríṣi méjì. Ohun gbígbẹ, bí ewé tó já sílẹ̀, pòròpórò àti páálí tí a ya wẹ́wẹ́, ń fún wọn ní kábọ́ọ̀nù, tí wọ́n fi ń ní agbára. Ohun tútù, bí èèpo èso, koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, àjẹkù ẹ̀fọ́ àti ìgbẹ́ adìyẹ, ń fún wọn ní náítírójìn, tí wọ́n fi ń dàgbà. Kí iṣẹ́ náà tó yá, kábọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 25 sí 30 náítírójìn. A kò retí kí ọmọ ilé ìwé máa ṣírò èyí ní ẹ̀yìn kíláàsì. Apẹ̀rẹ̀ ni kí ó lò: apẹ̀rẹ̀ ewé gbígbẹ mẹ́ta sí apẹ̀rẹ̀ ohun tútù kan, kí ó sì máa fi ojú àti imú tún un ṣe. Ẹ kíyè sí ìyẹ̀fun pákó tí àwọn lápákó máa ń kó fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ pọ̀ púpọ̀púpọ̀. Tí ẹ bá dà á sí i jù, òkìtì yín á kàn jókòó síbẹ̀ láìjẹrà. Ìgbẹ́ adìyẹ ló lè bá a mu, nítorí náítírójìn pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ ṣe àpótí ajílẹ̀ pẹ̀lú ọparun, pákó àlòkù, tàbí búlọ́ọ̀kù tí a tò láìfi sìmẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́, kí àlàfo wà fún atẹ́gùn. Kí ó tó mítà kan ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀, mítà kan ní gíga. Òkìtì tó bá kéré ju èyí lọ kì í lè pa ooru mọ́ra. Àpótí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn dára ju ẹyọ kan lọ, nítorí a ó lè máa yí ohun inú àkọ́kọ́ sínú ìkejì. Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, ẹ má gbẹ́ kòtò. Òkìtì orí ilẹ̀ ni kí ẹ lò, torí kòtò á di adágún. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kòtò wúlò, nítorí ó ń pa omi mọ́.

Ẹ to igi wẹ́wẹ́ àti pòròpórò sí ìsàlẹ̀, kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ wọlé. Ẹ da ewé gbígbẹ lé e, kí ẹ da ohun tútù lé ewé, kí ẹ tún fi ewé bò ó. Ewé máńgòrò le. Ẹ fi àdá gé e kí ó tó wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó bá a bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí ohun tútù gbọdọ̀ wà lójú láìbò: ibẹ̀ ni eṣinṣin ti ń wá. Ẹ wọ́n omi sí i bí ó ṣe yẹ. Bí a ṣe ń mọ̀ pé omi tó ni pé kí a bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú rẹ̀, kí a fún un. Tí ẹ̀kán omi kan tàbí méjì bá jáde, ó tó. Tí omi bá ṣàn, ó ti pọ̀ jù. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí rẹ̀ kí òjò má bàa pa á.

Ìgbà tí ohun tó ya àwọn ọmọ lẹ́nu jù máa ń ṣẹlẹ̀ ni ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, tí òkìtì náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ń lọ dáadáa, ooru àárín rẹ̀ á dé dígírì 55 sí 65. Ooru yìí ló ń pa èso koríko àti ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn. Ilé ìwé tí kò ní tẹmọ́mítà lè ki ọ̀pá irin bọ àárín rẹ̀, kí ó fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí olùkọ́ fà á yọ kí ó sì rọra fọwọ́ kàn án. Tí kò bá rọrùn láti di ọ̀pá náà mú pẹ́, ajílẹ̀ yín ń ṣiṣẹ́. Ẹ máa yí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè dé àárín. Nínú ooru ilẹ̀ wa, òkìtì tí a ń yí déédéé á di ilẹ̀dú láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin: á dúdú, á máa fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ á sì dà bí ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

Òkìtì tó ń rùn ń sọ ohun kan fún wa. Tí òórùn rẹ̀ bá dà bí ẹyin tó ti bàjẹ́, atẹ́gùn kò dé inú rẹ̀: ẹ yí i, ẹ fi pòròpórò sí i. Tí ó bá ń ta ni nímú bí ìtọ̀, náítírójìn ti pọ̀ jù, ó sì ń fò lọ sínú afẹ́fẹ́: ewé gbígbẹ ló kù. Tí èèrà bá gba ibẹ̀ kan, omi ni kò tó. Tí òkìtì kò bá rùn tí kò sì gbóná, ẹ wo omi rẹ̀, kí ẹ sì fi ohun tútù kún un. Ẹran, ẹja, egungun àti ohun tí epo ti rin gbingbin kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀; èkúté á wá nítorí wọn, ejò á sì wá nítorí èkúté. A ti rí i tí ilé ìwé pa gbogbo ètò ajílẹ̀ rẹ̀ tì nítorí ejò ẹyọ kan. Kí ó má di bẹ́ẹ̀, ẹ ro àyíká àpótí náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó jìnnà sí kíláàsì díẹ̀. Gbogbo ọmọ tó bá fọwọ́ kan ajílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Ẹni tó bá rò pé eré ọmọ ilé ìwé ni èyí, kí ó mọ̀ pé iṣẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ni. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n M.K.C. Sridhar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí bí a ṣe lè sọ pàǹtí ọjà di ajílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Pacesetter ní ọjà Bódìjà lo irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀: pàǹtí ọjà àti ìgbẹ́ màlúù láti ibi ìpẹran ni wọ́n ń pò pọ̀. Oríṣi méjì ni wọ́n ṣe níbẹ̀, ọ̀kan tí wọ́n fi èròjà oníkẹ́míkà díẹ̀ kún, àti èkejì tí kò ní i nínú rárá.

Ọjà ni ike, ẹ tà á bí ọjà

Kí a tó sọ̀rọ̀ títà, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ àìrà. Ilé ìwé tó ní ẹ̀rọ omi tó mọ́, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní kọ́ọ̀pù tirẹ̀, ti dín ọ̀rá omi kù ju èyí tí garawa èyíkéyìí lè kó lọ. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí a máa fi ẹ̀bùn fún kíláàsì tó kó ìgò jọ jù. Àwọn ọmọ gbọ́n. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ra ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò nítorí ìgò. Kíláàsì tí pàǹtí rẹ̀ fúyẹ́ jù ló yẹ kí ó gba ẹ̀bùn.

Èyí tó bá kù, ọjà ni. Ẹ kọ́kọ́ wá oníbàárà, kí ẹ bi í léèrè irú ike tó ń rà, bóyá ó fẹ́ kí a fọ̀ ọ́, àti iye kílò tó gbọ́dọ̀ pé kó tó wá. Nọ́ńbà tó wà nínú igun mẹ́ta nídìí ike ló ń sọ irú èyí tó jẹ́. Ìgò omi àti ti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò jẹ́ 1. Kẹ́ẹ̀gì àti ike ọṣẹ olómi sábà máa ń jẹ́ 2. Ọ̀rá omi jẹ́ 4. Àwo fóòmù oúnjẹ jẹ́ 6. Wọn kì í yọ́ pọ̀ dáadáa, nítorí náà ẹrù tí a pò mọ́ra kì í ní owó lórí. Àwo fóòmù ní pàtàkì kò ní oníbàárà rárá ní ọ̀pọ̀ ibi, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì fòfin dè é ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Ilé ìwé kò nílò òfin láti sọ fún àwọn olóńjẹ tó ń tajà nínú ọgbà pé kí wọ́n má gbé e wọlé mọ́.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe ìṣirò yìí. Ìgò 50cl tó ṣófo máa ń wọ̀n nǹkan bí gíráàmù 20. Ìgò bí 50 ni yóò di kílò kan nìyẹn. Tí oníbàárà bá ní òun kò ní wá láìjẹ́ pé ó pé 100 kílò, ìgò 5,000 ni ẹ ń wá. Ibo ni ẹ ó tọ́jú wọn sí? Ìgò tí a kò tẹ̀ gba àyè, bí òjò bá sì wọnú rẹ̀, ẹ̀fọn á yé ẹyin síbẹ̀. Ẹ tẹ̀ wọ́n, ẹ dì wọ́n sínú àpò, ẹ gbé wọn sí abẹ́ òrùlé. Tí ilé ìwé yín bá kéré, ẹ bá ilé ìwé méjì tó wà nítòsí sọ̀rọ̀, kí ẹ jọ máa tà.

Agolo ohun mímu wúlò fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án. Èyí tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, alumíníọ́mù ni. Yíyọ́ alumíníọ́mù àlòkù kì í gbà ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 agbára tí a ń lò láti ṣe tuntun láti inú ilẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn oníkọ̀ndẹ́ẹ̀mù fi máa ń wá a kiri. Ìwé tó gbẹ tó sì mọ́ ṣeé tà. Èyí tó ti rin tàbí tó ti fara kan epo díẹ̀, inú ajílẹ̀ ni kí ó lọ.

Nílùú Èkó, Bilikiss Adebiyi-Abiola dá Wecyclers sílẹ̀ ní ọdún 2012. Wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù kiri àwọn àdúgbò tí ọkọ̀ akólẹ̀ kì í wọ̀, àwọn ìdílé sì ń gba àmì ẹ̀bùn lórí ìwọ̀n ohun tí wọ́n bá kó sílẹ̀. Ní Àjégúnlẹ̀, ilé ìwé Morit International School gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú African Cleanup Initiative: òbí tí owó ilé ìwé ń ni lára lè kó ìgò ike wá, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì yọ iye rẹ̀ kúrò nínú gbèsè ọmọ. Ètò yìí gbayì lójú wa, nítorí ó jẹ́ kí ọmọ tí wọn ì bá lé padà sílé jókòó sí kíláàsì. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀ tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ fojú fò. Òbí ni kí ó kó ike wá. Ọmọdé kò gbọdọ̀ lọ ṣa ike lórí ààtàn kí ó tó kàwé.

Owó tó bá wọlé nílé ìwé yín gbọ́dọ̀ hàn sí gbogbo ènìyàn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan jẹ́ akápò, kí olùkọ́ kan jẹ́ ẹlẹ́rìí, kí wọ́n kọ iye kílò, iye owó àti ohun tí wọ́n fi rà sí pátákó. Bí àwọn ọmọ bá fura pé àpò ẹnì kan ni owó náà ń lọ, wọn kò ní bá yín gbé ìgò kan mọ́, wọn kò sì jẹ̀bi.

Ẹ má fi pàǹtí fìyà jẹ ọmọ

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa, ọmọ tó bá pẹ́ dé ni wọ́n ń ní kó lọ da ilẹ̀ nù. Ọmọ tó pariwo ní kíláàsì ni wọ́n ń ní kó lọ fọ ilé ìgbẹ́. Ọmọ wo ló máa fẹ́ ṣe tinútinú ohun tí ó mọ̀ sí ìyà? Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí a ti ń kọ́ ọ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ló ń fọwọ́ kan ìdọ̀tí, a tún wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àtúnlò. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú orí yìí, èyí ni a gbà pé ó le jù láti yí padà, òun ló sì ṣe pàtàkì jù.

Ní Japan, gbogbo ọmọ ilé ìwé ló ń gbá kíláàsì rẹ̀, tó ń nu ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní àkókò tó wà nínú ètò ọjọ́ bí ìgbà tí ìṣirò ṣe wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé wọn, tí wọ́n bá mu wàrà ọ̀sán tán, wọ́n á fi omi ṣan páálí rẹ̀, wọ́n á là á, wọ́n á sá a kó gbẹ kí ó tó lọ fún àtúnlò. Ọmọ tó dáa àti ọmọ tó ń ṣe ìjàngbọ̀n jọ ń ṣe é ni. Ètò Eco-Schools, tó bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù ní ọdún 1994, tún fi ohun kan kún un: ìgbìmọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn wà nínú rẹ̀ ló ń yẹ ilé ìwé wò, tó ń pinnu ohun tí wọn yóò ṣe.

Ẹ pín iṣẹ́ ajílẹ̀ bí ẹ ṣe ń pín ipò aṣojú kíláàsì. Ẹ fún ọ̀gá ajílẹ̀ ní báàjì. Kí olùkọ́ náà fọwọ́ kan án lójú wọn, kí ọ̀gá ilé ìwé pàápàá gbé ṣọ́bìrì lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kí ẹ sì pe baba àgbẹ̀ tàbí ìyá tó ń gbin ẹ̀fọ́ ládùúgbò wá bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn òbí tí kò kàwé ní ìmọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ, ó sì dára kí ọmọ wọn rí i bẹ́ẹ̀.

Dídáná sun pàǹtí gbọ́dọ̀ dópin lọ́jọ́ tí ètò yìí bá bẹ̀rẹ̀. Èéfín ike ní májèlé nínú, ọmọ tó ní ikọ́ fée ló sì ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ pín ara yín sí ọ̀wọ́ ẹni mẹ́rin-mẹ́rin. Kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé pàǹtí ilé ìwé kan láti kíláàsì dé ibi tó sùn sí nígbẹ̀yìn, kí wọ́n ya àwòrán ọ̀nà náà, kí wọ́n sì bá ẹni tó ń gbé e sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wá oníbàárà kan tó ń ra ike tàbí irin, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a kọ sókè.

Kí gbogbo ọ̀wọ́ bẹ̀rẹ̀ òkìtì ajílẹ̀ kan ní ọ̀sẹ̀ yìí. Nígbà tí ẹ bá rò pé ó ti gbó, ẹ gbin hóró àgbàdo mẹ́wàá sínú rẹ̀, kí ẹ gbin mẹ́wàá mìíràn sínú ilẹ̀ lásán. Tí tinú ajílẹ̀ bá kọ̀ láti hù, tàbí tí ewé wọn bá pọ́n, kò tíì gbó. Ẹ dà á padà, ẹ yí i, kí ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 14, kí ẹ mú ìwé náà àti ẹ̀kúnwọ́ ajílẹ̀ kan wá sí kíláàsì.